A Kì Í Sọ Pé Ọkọ̀ Dé Kí Ó Tó So Mọ́ Èbúté

Àwọn baba wa ni wọ́n sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, pé ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Kò sí ibi tí òwe yìí ti ń hàn kedere tó ìgbà tí atukọ̀ bá fẹ́ mú ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì méjì gúnlẹ̀. Ní àárín odò, ẹnikẹ́ni tí ó bá lè di ìdarí mú ni ó lè sáré. Etí omi ni a ti ń mọ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ etí omi yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ará wa sọ, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Limawa níhìn-ín ní Mínà, àti ẹ̀yin tí ẹ fọ́n káàkiri Mọkwá, Jẹ́bà, Bùsà Tuntun àti Lọ́kọ́ja, tí òwò, ọjà àti àna ń mú yín sọdá omi.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan bèèrè pé kí ni ó pa ará Limawa pọ̀ mọ́ ọkọ̀ ojú omi, níwọ̀n ìgbà tí Mínà kì í ṣe ìlú etí odò ńlá. Ìdáhùn mi ni pé èbúté wà nínú ìtàn bí ìlú yìí ṣe gbòòrò. Ní ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí la ojú irin láti Baro, ní etí Odò Ọya, lọ sí Kánò, nítorí pé ọkọ̀ omi lè kó ẹrù láti Baro dé etí òkun. Iṣẹ́ náà parí ní 1911. Ojú irin tí ó ti Èkó bọ̀ gba Ìlọrin àti Jẹ́bà, ó sì wá pàdé ti Baro ní Mínà. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ reluwé àti oníṣẹ́ ọwọ́, gbà wọ ilẹ̀ yìí. Kí afárá Jẹ́bà sì tó parí ní 1916, ọkọ̀ omi ni ó ń gbé reluwé sọdá odò níbẹ̀. Ẹ rò ó wò: irin tí a tẹ́ sórí ọkọ̀ omi gbọ́dọ̀ bá irin tí a tẹ́ sí etí odò ṣe déédéé kí àgbá reluwé tó lè yí bọ́ sí ilẹ̀. Bí atukọ̀ bá fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan péré ṣìnà, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Nítorí náà, gígúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì nínú ìrìn-àjò tí ó mú wa dé ìhín.

Títí di òní, omi kò tíì kúrò nínú òwò wa. Láti ìgbà tí ìdídò Kainji ti parí ní 1968, tí adágún ńlá sì bo Bùsà àtijọ́ mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ abúlé ni ó wà ní bèbè adágún náà tí ọkọ̀ omi yá láti dé ju ọkọ̀ ilẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ń ra ẹja gbígbẹ, àlùbọ́sà tàbí ọkà láti ọ̀dọ̀ wọn, bí òun fúnra rẹ̀ kò bá tilẹ̀ wọ ọkọ̀, ẹnìkan ti wọ ọkọ̀ nítorí tirẹ̀. Ọkọ̀ onípákó ẹlẹ́ńjìnnì kan ni ó pọ̀ jù lórí Odò Ọya. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dé Èkó, tí ó sì ti wọ ọkọ̀ ní Ìpakọdo ní Ìkòròdú lọ sí Falomo tàbí sí Ẹ̀bùtẹ́ Èrò, yóò ti rí àwọn ọkọ̀ aláfẹ́fẹ́ tí a gbé ẹ́ńjìnnì méjì kọ́ sí ìdí wọn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú, ó sì yẹ kí a mọ ohun tí ó ń bá bọ̀.

Àǹfààní ẹ́ńjìnnì méjì kò mọ sí pé ó ń sáré. Àǹfààní rẹ̀ tí ó tóbi jù ni pé bí ọ̀kan bá kú lójú omi, èkejì yóò gbé ọkọ̀ délé. Èkejì ni pé ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ lè yí ara rẹ̀ ní ojú kan náà. Bí atukọ̀ bá ti ẹ́ńjìnnì ọwọ́ ọ̀tún síwájú, tí ó sì fa ti ọwọ́ òsì sẹ́yìn, imú ọkọ̀ yóò yí sí òsì. Bí ó bá pa á dà, imú ọkọ̀ yóò yí sí ọ̀tún. Bí àyè tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì méjèèjì bá ṣe fẹ̀ tó ni yíyí náà ṣe ń lágbára tó. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ ńlá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jìnnà síra fi ń yí wẹ́rẹ́, tí ọkọ̀ kékeré tí a gbé tirẹ̀ kọ́ sí ìdí ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn fi ń fẹ́ kí atukọ̀ fi ìdarí ràn án lọ́wọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀gá atukọ̀ ṣe ń gúnlẹ̀. Láti òkèèrè ni ó ti ń wo igi ganganran kí ó má baà gún un lójú. Ó ń wo ọ̀nà tí omi ń ṣàn sí. Ó ń wo àsíá tàbí èéfín iná ilé kí ó lè mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ó ń wo bóyá ọkọ̀ mìíràn wà ní èbúté. Lẹ́yìn èyí ni yóò dín eré kù. Lórí odò tí ń ṣàn, yóò yí imú ọkọ̀ padà sí òkè odò, nítorí pé omi tí ó dojú kọ ọkọ̀ yóò máa bá a dá eré dúró. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ìṣàn omi máa ti òun lẹ́yìn wọ èbúté ti fún omi ní ìdarí, omi kò sì ní ìwé àṣẹ awakọ̀.

Bí ó bá ti kù díẹ̀, yóò jẹ́ kí imú ọkọ̀ kọjú sí èbúté ní ìdagun díẹ̀, yóò sì máa fi ẹ́ńjìnnì sí jíà fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, yóò tún dá a padà sí fúrì, kí ọkọ̀ máa rọra wọ́ bọ̀. Nígbà tí imú ọkọ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà àlòkù tí a so mọ́ òpó, yóò fa ẹ́ńjìnnì tí ó jìnnà sí èbúté sẹ́yìn. Ohun méjì ni ìṣe kan yìí ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń dá eré ọkọ̀ dúró, ó sì ń gbá ìdí ọkọ̀ wọlé sí ẹ̀gbẹ́ èbúté. Okùn iwájú, èyí tí ó kọjú sí òkè odò, ni a ó kọ́kọ́ so, kí omi má baà gbé ọkọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni a ó so ti ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ kú títí okùn méjèèjì yóò fi le dáadáa.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ariwo nínú gbogbo èyí. Ẹni tí kò mọṣẹ́ ni ó máa ń kù gìrì dé èbúté, tí yóò wá já jíà láti iwájú sí ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìdúró ní fúrì. Bí jíà náà bá kọ̀, tàbí bí ẹ́ńjìnnì bá kú ní àkókò náà, kò sí ohun tí yóò dá ọkọ̀ dúró mọ́ àfi òpó èbúté. Òfin kan wà tí àwọn ọ̀gá atukọ̀ káàkiri ayé ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn: má ṣe sún mọ́ èbúté ní eré tí ó ju èyí tí ìwọ yóò fẹ́ fi kọ lù ú lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwọra nìkan ni ó ń fa irú ìjàm̀bá báyìí, tàbí pé àìní nìkan ni. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2013, ọkọ̀ akérò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Seastreak Wall Street kọ lu èbúté ní New York ní òwúrọ̀, ó sì ju èrò 300 lọ tí ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ ọkọ̀ náà dà ní ọdún tí ó ṣáájú. Àjọ tí ń wádìí ìjàm̀bá ní Amẹ́ríkà rí i pé atukọ̀ kò mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ń darí ọkọ̀ kò sí ní ipò tí òun rò pé ó wà, ó sì jẹ́ àṣà rẹ̀ láti gbé ìdarí láti ibùdó kan sí èkejì nígbà tí ó bá ti sún mọ́ èbúté jù, tí kò fi ní sí àyè láti tún un ṣe bí nǹkan bá yí padà. Nǹkan bí 80 ènìyàn ni ó farapa. Ọ̀pọ̀ wọn ti dìde dúró, wọ́n ti tò láti sọ̀ kalẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ wà lórí àkàsọ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú èyí, ní oṣù kẹwàá 2003, ọkọ̀ Andrew J. Barberi ti kọ lu èbúté Staten Island ní ìlú kan náà, ènìyàn 11 sì kú. Ọkọ̀ wọ̀nyí kò rì. Ilẹ̀ wà nítòsí tí ènìyàn fi lè nawọ́ kàn án. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni ewu wà.

Èyí mú mi dé ọ̀dọ̀ àwa èrò ọkọ̀. Nígbà tí bèbè bá ti hàn, ọkàn wa ti bọ́ sílẹ̀ ṣáájú ara. A ó bọ́ ẹ̀wù ìdóòlà ẹ̀mí, a ó dìde, a ó gbé ẹrù lérí, gbogbo wa yóò sì rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ̀ tí ó dúró ṣinṣin láti òwúrọ̀ yóò wá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní àkókò tí atukọ̀ nílò kí ó dúró ṣinṣin jù lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò fò. Kò mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ òun ti ń ti ara òun síwájú ni ó ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn, tí àlàfo fi ń ṣí sílẹ̀ láàárín ọkọ̀ àti òpó. Àwọn alábàárù pẹ̀lú yóò sáré wọ inú omi láti jìjàdù ẹrù, nígbà tí abẹ̀bẹ̀ onírin ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí lábẹ́ omi, tí ó sì ṣeé ṣe kí atukọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á sẹ́yìn sí ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀kọ́ ilé ni pé kí ènìyàn jókòó títí onílé yóò fi ní kí ó dìde. Nínú ọkọ̀, atukọ̀ ni onílé.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé àárín omi ni àwọn ìjàm̀bá tiwa ti máa ń ṣẹlẹ̀. Òtítọ́ ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún 2021, ọkọ̀ tí ó gbéra láti Lokon Minna ní ìpínlẹ̀ yìí, tí ó ń lọ sí Warra ní Ìpínlẹ̀ Kebbi, là sí méjì. Èrò inú rẹ̀ lé ní 150, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ pé kò yẹ kí ó kọjá 80. Ní oṣù kẹfà 2023, ó ju 100 lọ tí ó kú nígbà tí wọ́n ń ti ìgbéyàwó bọ̀ láti Egboti lọ sí ìhà Pátígi ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2024, ọkọ̀ tí ó ń gbé àwọn obìnrin àti ọmọdé lọ ṣe àjọ̀dún Máólúdì dànù ní Gbajibo, ní Mọkwá. Wọ́n ní ó tó nǹkan bí 300 ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, òmíràn kọ lu kùkùté igi lábẹ́ omi ní agbègbè Gausawa, ní Borgu, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: níbo ni 150 ènìyàn ti wọ ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó gbé 80? Àárín odò kọ́. Etí omi ni. Níbo ni ó yẹ kí ẹnìkan ti kà wọ́n? Níbo ni ó yẹ kí a ti pín ẹ̀wù ìdóòlà ẹ̀mí, kí a wo ojú ọjọ́, kí a sì sọ pé ilẹ̀ ti ṣú, ọkọ̀ kò gbéra mọ́? Etí omi náà ni. Odò Ọya gùn, adágún Kainji fẹ̀, kò sì sí iye ọlọ́pàá tí ó lè tò sí ojú wọn. Èbúté nìkan ni ibi tí òfin ti lè di ọkọ̀ mú. Níbi tí kò bá sí èbúté, tí ọkọ̀ ń gbá imú rẹ̀ lu ẹrọ̀fọ̀ níbikíbi tí ó bá wù ú, kò sí ẹni tí yóò kà, kò sí ẹni tí yóò dá a dúró. Èrò mi nìyí, òun náà sì ni ìdí tí mo fi kọ̀wé: ẹ kọ́ èbúté, ẹ kọ́ àwọn atukọ̀ bí a ti ń gúnlẹ̀ sí i, ìdajì iṣẹ́ òfin yóò sì ti di ṣíṣe.

A dúpẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ ṣí ibùdókọ̀ omi Baro ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2019. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹrù ni a tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ. Kì í ṣe Baro ni ìyá tí ó ń ta àlùbọ́sà ní abúlé Borgu yóò gúnlẹ̀ sí. Ohun tí irú wọn nílò kéré ní owó, ó sì tóbi ní èrè: pèpéle onírin tàbí onípákó tí ó ń léfòó, afárá kékeré láti orí rẹ̀ dé bèbè, òpó mẹ́rin tí a so táyà mọ́, àti ẹnìkan tí ó ní ìwé àti gègé. Mo ní kí ó máa léfòó nítorí pé omi tiwa kì í dúró lójú kan. Omi funfun ń kún ní ìgbà òjò, omi dúdú sì ń ti ìhà Mali sọ̀kalẹ̀ wá dé ọ̀dọ̀ wa láti bí oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta. Èbúté oníkọnkéré tí a kọ́ sí ojú kan yóò ga ju ọkọ̀ lọ ní oṣù kan, omi yóò sì bò ó mọ́lẹ̀ ní òmíràn. Pèpéle tí ń léfòó bá omi lọ, ó bá omi bọ̀. Àjọ NIWA tí ń mójú tó ọ̀nà omi láti Lọ́kọ́ja, àti HYPPADEC tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Mínà níhìn-ín, ni ọ̀ràn yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ wá kù. Ní ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà tuntun jáde fún ọ̀nà omi, tí ó ka ìrìn òru léèwọ̀, tí ó ní kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù ìdóòlà ẹ̀mí, tí ó sì kọ àkójù èrò. Ìlànà tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni Tápà, Haúsá, Kambari àti Yorùbá ni èdè tí a ń sọ nínú ọkọ̀. Iṣẹ́ mi ni títú ìwé ìjọba sí èdè tí ará ìlú gbọ́, mo sì mọ̀ pé òfin tí ènìyàn kò gbọ́ kò yàtọ̀ sí òfin tí a kò ṣe. Kí a túmọ̀ ìlànà náà, kí a kà á ní rédíò, kí a sì lẹ ojú ìwé kan ṣoṣo nínú rẹ̀ mọ́ gbogbo èbúté. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́ gan-an, a ní olùkọ́ nílé. Àwọn Tápà onílé-odò, pàápàá àwọn Kede, ti ń ka ojú Odò Ọya bí ìwé kí ẹ́ńjìnnì tó dé. Kí a pe àwọn àgbà wọn jókòó pẹ̀lú àwọn tí ó kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnìkan kọ́ni ní ìwà omi, kí èkejì kọ́ni ní ìwà ẹ̀rọ. Kí a má sì fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ láti wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì àfi bí ó bá gúnlẹ̀ lójú wa lẹ́ẹ̀mẹta, ní òsì, ní ọ̀tún, àti pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo.

Àwọn ọlọ́kọ̀ yóò sọ pé epo wọ́n, pé yíyípo kí a tó gúnlẹ̀ ń jẹ epo, pé èrò ń kánjú. Ẹ̀dùn wọn kì í ṣe irọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí wọ́n máa kó ìdajì èrò láìfi nǹkan kan ràn wọ́n lọ́wọ́ ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Kí ìjọba má ṣe gba owó èbúté lọ́wọ́ ọkọ̀ tí ó bá kó iye èrò tí ó tọ́, kí ó sì jẹ́ kí ẹrù sísan ìtanràn wà lórí ẹni tí ó bá kọjá ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n epo tí a fi yí ọkọ̀ padà sí òkè odò kéré jọjọ sí iye òpó kan tí a wó, kò sì ṣeé fi wé ọmọ kan tí ó bọ́ sínú àlàfo.

Ní ti àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní ìdálẹ̀, a mọ bí a ti ń pàdé. Bí ẹgbẹ́ bá jókòó ní Limawa ní òpin oṣù, kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sí àárín àwọn tí a ó jíròrò. Kí àwọn ìyálọ́jà wa pinnu pé àwọn kò ní wọ ọkọ̀ tí a kò ka èrò rẹ̀. Kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní ohun mẹ́ta tí kò gba owó: jókòó títí okùn méjèèjì yóò fi so, má bọ́ ẹ̀wù ìdóòlà ẹ̀mí títí ẹsẹ̀ rẹ yóò fi tẹ ilẹ̀, má ṣe kébòòsí lé atukọ̀ lórí nígbà tí ó bá ń gúnlẹ̀. Kí a sì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn tí ó ń ṣojú wa, kí ìwé náà dárúkọ àwọn abúlé tí ó nílò pèpéle, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìjọba kì í gbàgbé ìwé tí ó bá dárúkọ ibi tètè bí ó ti ń gbàgbé èyí tí ó kàn ń ráhùn.

Ẹni tí ó rìn jìnnà tí kò délé, ìrìn rẹ̀ kò tíì pé. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn tí ó wà lójú omi gúnlẹ̀ láyọ̀; kí àwa náà ṣe ìpín tiwa, kí àdúrà náà lè rí ibi gúnlẹ̀ sí.